Kí Ẹ Tó Ra Òrùka Dáyámọ́ńdì: Ọ̀rọ̀ fún Gbogbo Ìdílé Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ìgbéyàwó ń pọ̀ sí i láàárín wa lọ́dọọdún, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wọ inú ìgbéyàwó wọ̀nyí tí ó yẹ kí a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí, òun náà ni òrùka dáyámọ́ńdì.

Ní ìgbà àwọn bàbá wa, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti iṣu ni ẹrù ìdána. Òrùka bá ṣọ́ọ̀ṣì dé, wúrà sì ni àwọn tí ó lówó ń fi ṣe é. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin a máa retí òkúta funfun tí ń kọ mànà lórí òrùka náà, ọ̀dọ́mọkùnrin a sì máa tọ́jú owó oṣù púpọ̀ jọ láti rà á. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó ṣe é. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń ra òkúta yìí ni kò mọ ohun tí wọ́n ń rà. Owó tí a bá rí ní àjò kì í ṣe owó tí a he lójú ọ̀nà. Owó tí à bá fi ra ilẹ̀ sílé, tàbí kí a fi san owó ilé-ìwé àbúrò, ni a ń kó fún ẹni tí a kò mọ̀ rí nítorí pé ó bá wa sọ̀rọ̀ dídùn.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. A ti bèèrè, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí a rí.

ÌMỌ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkúta iyebíye ti ga ju òye wa lọ. Yorùbá mọ ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá àgbà tí kò ka ìwé rí yóò mú iyùn lọ́wọ́, yóò wò ó, yóò gbọ́n ọn wò, yóò sì sọ fún ọ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Nínú Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, àwọn baba ńlá wa ń ṣe gíláàsì fúnra wọn, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ní Òkè Ọya níbí náà, àwọn Masaga ti ìlú Bídà lókìkí nínú yíyọ́ ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Iṣẹ́ wọn dára, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìgò ni, owó ìgò ni yóò sì san. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ fi wo dáyámọ́ńdì.

Kí ni dáyámọ́ńdì gan-an? Ohun kan náà tí ó wà nínú èédú ìdáná, tí ó sì wà nínú dúdú pẹ́ńsù, ni Ọlọ́run fi dá a. Ooru àti agbára tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ní jíjìn tí ó ju 150 kìlómítà lọ, ni ó sọ ọ́ di òkúta. Òkè tí ń yọ iná ni ó gbé e wá sókè ní ayé àtijọ́. Láti Íńdíà ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i ní Brazil ní nǹkan bí ọdún 1725, àti ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1867. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, wọ́n rí i ní Gánà ní ọdún 1919, wọ́n sì rí i ní Sàró ní ọdún 1930. Ní ọdún 1972, wọ́n wa òkúta kan ní Sàró tí ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 969 káráàtì. Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tí ń ṣòwò ní àgbègbè ibi ìwakùsà Akwatia ní Gánà, kí òfin àwọn àjèjì ti ọdún 1969 tó lé wọn padà wá sílé. Nítorí náà, orúkọ òkúta yìí kì í ṣe tuntun ní ilé wa gbogbo.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ń SỌ IYE RẸ̀

Ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé “dáyámọ́ńdì ni, ó sì tán,” kò tíì sọ nǹkan kan. Dáyámọ́ńdì méjì lè jọ ara wọn lójú, kí owó ọ̀kan sì ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun mẹ́rin ni ó ń fa èyí: ìwúwo, àwọ̀, mímọ́ àti gígé.

Ìwúwo ni ìkínní. Káráàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Káráàtì márùn-ún ni ó wà nínú gíráàmù kan. Àwọn oníṣòwò tún pín káráàtì kan sí ọ̀nà 100. Bí wọ́n bá sọ pé òkúta kan jẹ́ 50, ààbọ̀ káráàtì ni wọ́n ń wí. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ káráàtì ti wúrà, nítorí pé ìyẹn ń sọ bí wúrà ti mọ́ tó, èyí sì ń sọ bí òkúta ti wúwo tó. Bí iṣu ńlá kan ti ń gbówó lórí ju iṣu kékeré méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta káráàtì kan ń gbówó lórí ju òkúta ààbọ̀ káráàtì méjì lọ, nítorí pé àwọn ńláńlá ṣọ̀wọ́n. Ibi yìí ni àwọn kan ti ń fi ọgbọ́n gba owó wa. Wọn yóò to òkúta wẹ́wẹ́ 20 sórí òrùka kan, wọn yóò sọ pé “káráàtì kan ni,” wọn yóò sì bèèrè owó òkúta ńlá kan ṣoṣo. Ẹ máa bèèrè pé: òkúta àárín nìkan ńkọ́, mélòó ni?

Àwọ̀ ni ìkejì. Dáyámọ́ńdì tí ó wọ́n jù nínú àwọn funfun ni èyí tí kò ní àwọ̀ rárá, tí ó dà bí omi òjò. Lẹ́tà ni àwọn ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò fi ń sọ àwọ̀, láti D títí dé Z. D ni ó mọ́ jù. Bí a ti ń lọ sí Z ni ó ń pọ́n bí omi tí a da tíì díẹ̀ sí. Láti D dé F, kò ní àwọ̀. Láti G dé J, àwọ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kì í fi í rí i, pàápàá bí a bá dè é mọ́ wúrà pupa. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó kí wọ́n tó dè é, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí bébà funfun, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ní ojúmọmọ, nítorí pé iná ṣọ́ọ̀bù a máa bo àwọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ní àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ òdòdó láti inú ilẹ̀ ní ìdíwọ̀n tiwọn lọ́tọ̀, owó wọn sì ga gan-an. Àwa kò sọ nípa wọn níhìn-ín.

Mímọ́ ni ìkẹta. Òkúta tí ó ti inú ilẹ̀ wá kì í ṣàìní àléébù: ààmì dúdú, ìlà funfun, tàbí ohun tí ó jọ ìkùukùu nínú rẹ̀. Awò kékeré tí ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí a fi awò náà wò tí a kò rí àléébù kankan ni wọ́n ń pè ní FL. Lẹ́yìn rẹ̀ ni IF, tí kò ní nǹkan nínú. Lẹ́yìn náà VVS àti VS, tí ó ṣòro láti rí àléébù wọn pẹ̀lú awò. Lẹ́yìn náà SI, tí awò ń rí i kíákíá ṣùgbọ́n tí ojú lásán kì í sábà rí i. Ìgbẹ̀yìn ni I, tí ojú lásán lè rí. Ẹ rántí pé kò sí ẹni tí yóò gbé awò bá ìyàwó ní òde àríyá. Òkúta tí ojú lásán kò bá rí àléébù rẹ̀ ti tó fún òrùka.

Gígé ni ìkẹrin, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jùlọ. Ọlọ́run ni ó fún òkúta ní àwọ̀ àti mímọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fún un ní ìtànṣán. Dáyámọ́ńdì roboto tí a gé dáadáa ní ojú 57 tàbí 58, ojú kọ̀ọ̀kan sì ń ṣiṣẹ́ bí dígí ìwojú. Ìmọ́lẹ̀ yóò ti òkè wọlé, yóò ta láti ojú kan sí èkejì, yóò sì padà jáde sí ojú ẹni tí ń wò ó. Ní ọdún 1919, Marcel Tolkowsky tẹ ìwé jáde tí ó fi ìṣirò ṣàlàyé bí ó ti yẹ kí àwọn ojú náà dúró sí ara wọn. Bí wọ́n bá gé e pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ yóò jò gba ìsàlẹ̀ lọ, òkúta yóò sì ṣókùnkùn láàárín. Bí wọ́n bá gé e jìn jù, ìmọ́lẹ̀ yóò tún sọnù, ìwúwo rẹ̀ yóò sì fara pamọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Àwọn kan a máa gé e bẹ́ẹ̀ kí òkúta má baà fúyẹ́, nítorí pé ìwúwo ni oníbàárà ń bèèrè.

Nítorí náà, bí owó kò bá tó láti ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹ má ṣe dín gígé kù. Ẹ mú àwọ̀ láti G dé J, ẹ mú mímọ́ ní VS tàbí ní SI tí ojú lásán kò rí àléébù rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwúwo kéré díẹ̀. Òkúta káráàtì kan tí ó rí roboto fẹ̀ tó mílímítà 6.5, èyí tí ó jẹ́ 0.90 fẹ̀ tó 6.2. Ojú kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n owó a máa fò sókè bí a bá ti dé orí káráàtì kan géérégé.

BÍ Ọ̀BỌ TI ṢE ORÍ NI ÌNÀKÍ ṢE

Ohun tí ó jọ dáyámọ́ńdì pọ̀. Gíláàsì wà níbẹ̀. Topaz funfun wà níbẹ̀, èyí tí a ń wà ní ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì wa yìí pàápàá. Òkúta dáradára ni ní ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe dáyámọ́ńdì. Cubic zirconia wà níbẹ̀, tí ó gbòde láti nǹkan bí ọdún 1976. Èyí tí ó ń fa wàhálà jù ni moissanite, tí a ń ṣe ní ilé-iṣẹ́, tí ó sì ń dán ju dáyámọ́ńdì fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdílé kan láàárín wa ra òrùka fún ọmọ wọn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń gbé àpò kékeré kiri. Ọkùnrin náà mú ẹ̀rọ kan jáde, ó fi kan òkúta náà, ẹ̀rọ dún, gbogbo ilé sì yọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, àìsàn dé bá bàbá. Wọ́n ní kí àwọn ta òrùka náà láti fi san owó iṣẹ́ abẹ. Alágbẹ̀dẹ wúrà gbé awò sójú, ó wò ó díẹ̀, ó sì sọ pé moissanite ni, pé owó wúrà tí ó wà lára òrùka náà nìkan ni òun lè san. Owó náà kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n fi rà á. Ẹgbẹ́ ni ó dáwó jọ fún ìtọ́jú bàbá.

Ẹ̀rọ náà kò purọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ooru ti ń gba inú òkúta kọjá ni ó ń wọ̀n. Ooru sì ń gba inú moissanite kọjá kíákíá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nínú dáyámọ́ńdì. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò fi awò wo òkúta náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ moissanite, àwọn ìlà etí ojú rẹ̀ yóò hàn ní méjì-méjì, bí ẹni pé ojú ń ṣe ẹni tí ń wò ó. Dáyámọ́ńdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè ṣe àwọn ìdánwò kékeré nílé. Ẹ mí sí òkúta náà: ooru ẹnu kì í dúró lára dáyámọ́ńdì, ó ń parẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ díẹ̀ lára gíláàsì. Bí òkúta náà kò bá tíì sí lára òrùka, ẹ wọ̀n ọ́n: cubic zirconia wúwo ju dáyámọ́ńdì tí ó tóbi bákan náà lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè tú ayédèrú fó, kò lè fi ẹsẹ̀ ojúlówó múlẹ̀. A sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé òòlù lù ú. Lóòótọ́ ni kò sí òkúta kankan nínú ilẹ̀ tí ó lè ha dáyámọ́ńdì lára àfi dáyámọ́ńdì ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òòlù lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ohun tí ó le lè má gba lílù.

DÁYÁMỌ́ŃDÌ TÍ ÈNÌYÀN ṢE

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń rú àwọn ènìyàn lójú. Láti ìparí ọdún 1954, nígbà tí ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣe é yọrí, ni ènìyàn ti mọ bí a ti ń ṣe dáyámọ́ńdì. Nísinsìnyí, wọ́n ń ṣe èyí tí ó yẹ fún òrùka lọ́pọ̀lọpọ̀. Dáyámọ́ńdì gidi ni. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, èémí ẹnu kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, àfi ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti inú ilẹ̀, ó sì ti já wálẹ̀ gan-an ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá rà á ní iye tirẹ̀, kò ṣe ohun ìtìjú rárá. Òkúta tí ó dára ni ó rà ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí ó burú ni kí a tà á fún un bí èyí tí ó ti inú ilẹ̀ wá. Ẹ bèèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú rìsíìtì.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ ÀTI OWÓ

Dáyámọ́ńdì tí ó bá tóbi tí ó sì wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò tí kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni GIA ti Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ìwúwo, àwọ̀, mímọ́ àti gígé yóò wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ òkúta, wọ́n a máa fi ìtànṣán kọ nọ́ńbà kan náà sí ìgbànú òkúta, ní lẹ́tà tí awò nìkan lè kà. Ẹ wo ti ara òkúta, ẹ wo ti inú ìwé, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì GIA kí ẹ rí i bóyá wọ́n bára mu. Ìwé tí olùtajà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé òkúta òun tó iye báyìí kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ẹ tún bèèrè ibi tí òkúta náà ti wá. Nígbà ogun Sàró, láti ọdún 1991 dé 2002, dáyámọ́ńdì wà lára ohun tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ń ra ìbọn. Nítorí irú èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè fi bẹ̀rẹ̀ ètò Kimberley ní ọdún 2003, kí òkúta tí a fi ẹ̀jẹ̀ rà má baà wọ ọjà. Ọmọ Áfíríkà ni wá. Ọ̀ràn yìí kàn wá ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ní ti owó, a kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín. Dáyámọ́ńdì kì í ṣe ibi ìpamọ́ owó fún ìdílé. Ẹni tí ó bá rà á lónìí tí ó sì fẹ́ tà á lọ́la kì í sábà rí owó rẹ̀ gbà padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, nítorí pé èrè ṣọ́ọ̀bù ti wà nínú iye tí ó san. Wúrà ni ó rọrùn láti tà nígbà ìṣòro: a óò wọ̀n ọ́n, a óò sì san iye rẹ̀. Ẹ wo inú òrùka fún ààmì rẹ̀. Bí ẹ bá rí 916, wúrà káráàtì 22 ni. 750 jẹ́ káráàtì 18, èyí tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ wúrà. 375 jẹ́ káráàtì 9, tí wúrà inú rẹ̀ kò tó ààbọ̀. Ìyá tí ó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ de ọjọ́ iwájú, kí ó ra wúrà. Ọkọ tí ó fẹ́ fi òkúta yẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí, kí ó ra dáyámọ́ńdì níwọ̀n agbára rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ẹ̀yẹ ni òun rà.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má ṣe dá lọ rà á. Ẹ mú àgbàlagbà kan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ dání, tàbí alágbẹ̀dẹ wúrà tí ìdílé yín ti mọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ gbé òkúta náà jáde sí ojúmọmọ. Ẹ gba rìsíìtì tí ó kọ ìwúwo, àwọ̀, mímọ́, irú wúrà, àti bóyá inú ilẹ̀ ni òkúta ti wá tàbí ilé-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sí i. Olùtajà tí ó bá ní kí ẹ má ṣe fi han ẹlòmíràn, tàbí tí ó ní “lónìí nìkan ni iye yìí wà,” ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ yín jẹ, ẹ má ṣe fi ìtìjú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àjọ ìjọba tí ń gbèjà àwọn oníbàárà wà, èyí tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀. Ẹ mú rìsíìtì yín lọ síbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò kan náà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi títóbi òkúta wọn ìfẹ́ ẹni tí ó fẹ́ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí ọjọ́ kan. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ohun tí a óò bá gbé relé lọ́jọ́ náà, yálà ó kéré ni o, yálà ó tóbi ni o, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó jẹ́ ojúlówó. Àmín.